Bẹ́ ẹ ṣe lè rówó ìrànwọ́ gbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kúrò nídìí àpilẹ̀kọ oníbàárà bọ́ sídìí iṣẹ́ tiyín

Ìbéèrè yìí ti pọ̀ ju ohun tí mo lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ, bí mo ṣe ń dá ẹnì kan lóhùn ní Ọ̀yọ́ ni ẹlòmíì á tún bi mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ fáwọn kláyẹ́ǹtì òkè òkun, òun ni mo fi ń jẹun, àmọ́ nǹkan míì ló wù mí kọ báyìí. Ṣé wọ́n máa ń fún èèyàn lówó ẹ̀? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Wọ́n máa ń fúnni. Kì í yá, gbogbo èèyàn kọ́ ló sì ń rí i gbà, àmọ́ owó ọ̀hún wà. Ohun kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn látìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ń fúnni lówó kì í sanwó fún ohun tó ń wu èèyàn, ìgbésẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ló ń sanwó fún. Ó fẹ́ rí ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀, ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, àti ohun tówó òun máa ṣe láàárín méjèèjì. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, orí ẹ̀ ló dá lé.

## Ẹ kọ́kọ́ mọ irú owó tẹ́ ẹ̀ ń wá

- Owó ìrànwọ́, tá à ń pè ní gírántì: wọ́n fún yín kẹ́ ẹ fi ṣe iṣẹ́ kan, ẹ ò ní dá a padà, àmọ́ ẹ máa jábọ̀.
- Ibùgbé òǹkọ̀wé: wọ́n fún yín ní yàrá àti àyè, nígbà míì pẹ̀lú owó díẹ̀, kẹ́ ẹ lè jókòó kọ̀wé.
- Ẹ̀bùn ìdíje: iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti parí ni wọ́n ń wò.
- Ẹ̀yáwó: ẹ máa san án padà, tòun tèlé.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yí ọ̀nà padà, méjì àkọ́kọ́ yẹn ni tiẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ ti NLNG tí wọ́n ti ń fúnni láti 2004, 100,000 dọ́là sì ni, àmọ́ ìwé tó ti jáde ni wọ́n ń fún, irú ìwé kan ni wọ́n sì máa ń fún lọ́dún kan, wọ́n á máa yí i láàárín ìtàn àròsọ, ewì, eré oníṣe àti ìwé àwọn ọmọdé, torí náà kò lè ran ẹni tí ò tíì kọ orí kìíní lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀yáwó, mi ò ní gbà yín níyànjú ẹ̀ rárá. Ètò ẹ̀yáwó tí CBN gbé jáde fáwọn oníṣẹ́ ọnà ní 2019, tí èlé ẹ̀ jẹ́ 9%, àwọn aránṣọ, onífíìmù, olórin àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Ìwé lè lo ọdún méjì kó tó mú kọ́bọ̀ wọlé, báńkì ò sì ní dúró dè yín.

## Ìgbésẹ̀ ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé

1. Ẹ sọ ìyípadà náà ní gbólóhùn mẹ́ta

Kẹ́ ẹ tó ṣí fọ́ọ̀mù kankan, ẹ mú bébà. Gbólóhùn kìíní, ohun tẹ́ ẹ ti ń ṣe. Ìkejì, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ máa ṣe. Ìkẹta, ohun tó máa wà lórí tábìlì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń gbé:

"Mo ti ń kọ àpilẹ̀kọ nípa ìlera fáwọn wẹ́bsáìtì láti 2019. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré rédíò ní èdè Yorùbá. Láàárín oṣù mẹ́fà, màá kọ eré mẹ́rin nípa ìgbésí ayé àwọn agbẹ̀bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, màá sì gba ohùn ọ̀kan sílẹ̀."

Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ àtijọ́ ẹ̀ ò ṣòfò? Ẹni tó ti ń kọ̀wé nípa ìlera ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wá nọ́ọ̀sì lẹ́nu wò, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jíṣẹ́ lásìkò. Ibẹ̀ yẹn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ yín bí ohun ìtìjú, ẹ má sọ pé ẹ ti fi ayé yín ṣòfò nídìí kláyẹ́ǹtì, torí ẹni tó ń kà á á rò pé ẹ lè sá fún tuntun yìí náà lọ́la.

2. Ẹ ṣètò iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa fi hàn

Ibí ló le jù fáwa tá à ń kọ̀wé fún ẹlòmíì, torí ọ̀pọ̀ nǹkan tá a kọ, orúkọ wa ò sí lórí ẹ̀. Àwọn míì lára wa tún ti fọwọ́ sí àdéhùn pé a ò ní sọ ọ́ láé pé àwa la kọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, kódà kó jẹ́ pé òun ló dáa jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní, ẹ lè tìtorí ẹ̀ pàdánù kláyẹ́ǹtì kẹ́ ẹ sì tún pàdánù owó ìrànwọ́. Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe nìyí:

- Ẹ bẹ kláyẹ́ǹtì kó kọ lẹ́tà kúkúrú pé ẹ ti bá òun ṣiṣẹ́ láti ọdún báyìí, ẹ sì máa ń jíṣẹ́ dáadáa. Kò pọn dandan kó dárúkọ iṣẹ́ náà.
- Ẹ kọ àpẹẹrẹ tuntun nínú irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sí. Ojú ewé mẹ́wàá sí ogún tó mọ́ tónítóní tó.
- Ẹ wá ibi tó máa gbé ọ̀kan jáde kẹ́ ẹ tó béèrè owó. Tó bá jẹ́ Yorùbá lẹ fi kọ ọ́, Àtẹ́lẹwọ́ wà, wọ́n máa ń gbé iṣẹ́ Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì tún ní ẹ̀bùn fún lítíréṣọ̀ Yorùbá. Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Brittle Paper àti Isele Magazine wà.

Mo mọ̀ pé ẹni tó ń lé dẹ́díláìnì kláyẹ́ǹtì ò ráyè kọ ojú ewé ogún lọ́fẹ̀ẹ́. Síbẹ̀ ìgbésẹ̀ yìí ni mo rí i tọ́pọ̀ èèyàn ń fò, òun náà ni wọ́n sì fi ń já wọn.

3. Ẹ yan ilẹ̀kùn tó bá yín mu

Ilẹ̀kùn méjì péré lẹ́ẹ̀kan náà tó. Ẹni tó ń fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ogún ibi, gbogbo wọn ló máa mọ̀ pé àwọn kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀.

*Ìsẹ́yìn.* Nítòsí wa níbí ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀, torí ó ń yà mí lẹ́nu bí ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe ń wá yàrá ìkọ̀wé lọ sí Amẹ́ríkà tí ò sì gbọ́ nípa Ebedi International Writers Residency rí. Dókítà Wálé Òkédìrán ló dá a sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ní 2010. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lòǹkọ̀wé máa ń lò níbẹ̀, wọ́n sì máa ń ní kó ran àwọn ọmọ ilé ìwé girama àdúgbò lọ́wọ́ lórí ìwé kíkọ. Tẹ́ ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ wọkọ̀ dé Ọ̀yọ́ kẹ́ ẹ gbabẹ̀ kọjá sí Ìsẹ́yìn, ẹ ò nílò físà, ẹ ò nílò tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè jókòó ti iṣẹ́ tuntun yìí lóòótọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn á jẹ́ kó mọ̀.

*Miles Morland Foundation.* Àwọn òǹkọ̀wé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n ń fún lówó, ìyẹn ẹni tí wọ́n bí ní Áfíríkà tàbí tí wọ́n bí bàbá àti ìyá ẹ̀ síbẹ̀. 18,000 pọ́n-ùn ni wọ́n máa ń fún ẹni tó fẹ́ kọ ìtàn àròsọ láti fi jókòó kọ̀wé fún ọdún kan, wọ́n sì máa ń retí 10,000 ọ̀rọ̀ lóṣooṣù. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ mẹ́ta fún kláyẹ́ǹtì lọ́sẹ̀, ẹ ò ní lè ṣe é. Wọ́n tún máa ń béèrè iṣẹ́ yín tó ti jáde, èyí tí wọ́n tà fáráyé rà, àpilẹ̀kọ búlọ́ọ̀gù ò sì wọlé síbẹ̀. Ẹ wò ó lórí wẹ́bsáìtì wọn bóyá wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́dún tẹ́ ẹ fẹ́ kọ̀wé sí wọn.

*Prince Claus Fund, nílùú Netherlands.* Wọ́n ní ẹ̀bùn kan tó ń jẹ́ Seed Awards, 5,000 yúrò, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè nínú iṣẹ́ ọnà ni wọ́n ń fún, àwọn tí ò tíì ju bí ọdún márùn-ún lọ nídìí ẹ̀. Èyí lè dáa fẹ́ni tó ń yí ọ̀nà padà.

*Tó bá jẹ́ ìtumọ̀ lẹ fẹ́ bọ́ sí.* PEN America ní owó kan tó ń jẹ́ PEN/Heim fáwọn tó ń túmọ̀ lítíréṣọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù kẹ́ ẹ jẹ́, ẹ lè béèrè. Àmọ́ ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé náà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan rò pé ìwé Yorùbá tó ti pẹ́ kò ní olówó mọ́, irọ́ ni. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ẹ̀tọ́ orí ìwé máa ń wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú, torí náà ìwé ẹni tó kú ní 1970 ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí ẹ̀ títí 2040 máa fi parí. Ẹ wá ẹbí náà lọ.

*Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìròyìn.* Pulitzer Center máa ń fún àwọn oníròyìn frílánsì lówó níbi gbogbo láyé láti fi ṣe ìwádìí. Wọ́n á fẹ́ mọ ilé iṣẹ́ ìròyìn tó máa gbé e jáde, ẹ wá olóòtú tó nífẹ̀ẹ́ sí i ṣáájú.

*Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ré kọjá sí ìlú ọba.* Arts Council England ní owó kan tí wọ́n dìídì ṣe fún oníṣẹ́ ọnà tó fẹ́ gbé ìgbésẹ̀ tuntun, Developing Your Creative Practice lorúkọ ẹ̀, láti 2,000 sí 12,000 pọ́n-ùn. Nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, òun ló bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù. Ẹni tó ń gbé ní England nìkan ló lè béèrè, ẹ má jókòó sí Takie ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí kẹ́ ẹ máa kọ àdírẹ́ẹ̀sì àbúrò yín tó wà ní Manchester sínú fọ́ọ̀mù. Tó bá sì jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lẹ fi wà níbẹ̀, ẹ rántí pé físà yẹn ò gbà kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ frílánsì, ẹ bá ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

4. Ẹ kọ àbá yín

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn máa ń kọ rèé: "Láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ ìtàn. Tẹ́ ẹ bá ràn mí lọ́wọ́, àlá mi á ṣẹ, màá sì gbé àṣà Yorùbá lárugẹ." Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí nǹkan tẹ́ni tó ń kà á lè dì mú.

Ẹ wo bí ẹni tá a fi ṣàpẹẹrẹ lókè yẹn ṣe lè kọ ọ́: "Màá fọ̀rọ̀ wá agbẹ̀bí mẹ́fà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu wò. Oṣù kejì ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ eré. Mi ò tíì kọ ọ̀rọ̀ táwọn òṣèré máa fẹnu sọ rí, torí náà mo ti bá oníṣẹ́ rédíò kan sọ̀rọ̀ tó gbà láti ka eré kọ̀ọ̀kan kó sì sọ ibi tó kù sí fún mi." Ó sọ ohun tí ò mọ̀, ó tún sọ bó ṣe máa kọ́ ọ. Ẹni tó ń fowó sílẹ̀ fún ìyípadà fẹ́ gbọ́ ìyẹn gan-an, kò retí pé kẹ́ ẹ ti mọ gbogbo ẹ̀.

Ẹ má gbé e fún ChatGPT kó bá yín kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ti ń béèrè bóyá ẹ lò ó, ohùn gbogbo àbá tó bá ti bẹ́ẹ̀ jáde sì máa ń jọra, kò ní gbé ohùn yín dé ọ̀dọ̀ wọn.

5. Ẹ ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì tó ṣeé gbà gbọ́

Asán ni bọ́jẹ́ẹ̀tì tí ò sí owó àsìkò yín níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi kláyẹ́ǹtì méjì sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè ráyè kọ̀wé, owó tí wọ́n ì bá san ti lọ nìyẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àyàfi tí ìlànà wọn bá ní wọn kì í san owó oúnjẹ. Àpẹẹrẹ lásán nìyí o, ẹ fi iye tó wà lọ́jà lọ́dọ̀ yín rọ́pò ẹ̀:

- Owó àsìkò, ₦120,000 lóṣù fún oṣù mẹ́fà: ₦720,000
- Dáta, ₦20,000 lóṣù: ₦120,000
- Epo jẹnẹrétọ̀, ₦30,000 lóṣù: ₦180,000
- Ọkọ̀ àti nǹkan tẹ́ ẹ máa fún àwọn agbẹ̀bí: ₦100,000
- Sitúdíò àti àwọn òṣèré: ₦250,000
- Àpapọ̀: ₦1,370,000
- Àfikún 10% torí ọjà tó ń gbówó lórí: ₦137,000
- Gbogbo ẹ̀: ₦1,507,000

Ẹ má tijú láti kọ epo jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀. Ẹni tó wà ní London ò mọ̀ pé iná lè lọ láàárọ̀ kó má dé títí ilẹ̀ fi ṣú, ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé fún un. Ẹ má sì bù ú kéré torí kẹ́ ẹ lè jọ onírẹ̀lẹ̀, ẹni tó bá béèrè ìdajì ohun tó nílò, ìdajì iṣẹ́ ló máa ṣe, ojú á wá tì í nígbà ìjábọ̀.

6. Ẹ tún orúkọ yín ṣe

Ó dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ mo ti rí i tówó dé tí ò ṣeé gbà. Orúkọ tó wà lórí NIN, BVN, àkáǹtì báńkì àti fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn obìnrin tó ti ṣègbéyàwó ló sábà máa ń ko ìṣòro yìí, orúkọ bàbá á wà lórí NIN, tọkọ á wà ní báńkì. Ẹ lọ tún un ṣe báyìí, kì í yá. Tó bá jẹ́ orúkọ míì lẹ fi ń kọ̀wé, ẹ sọ ọ́ nínú fọ́ọ̀mù pé orúkọ ìkọ̀wé ni, kẹ́ ẹ kọ tòótọ́ síbi ọ̀rọ̀ owó.

Ẹ ṣí àkáǹtì dọ́là sí báńkì yín kówó tó dé, kẹ́ ẹ sì bi wọ́n bóyá ó lè gba pọ́n-ùn àti yúrò. Tówó bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ kún fọ́ọ̀mù W-8BEN, ẹ má bẹ̀rù, fọ́ọ̀mù owó orí fẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ ni.

7. Ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ tó kẹ́yìn

Ọjọ́ kẹta ṣáájú dẹ́díláìnì ni kẹ́ ẹ kà sí dẹ́díláìnì tiyín. Ẹ wo aago ìlú tí wọ́n kọ síbẹ̀ dáadáa: aago Nàìjíríà máa ń fi wákàtí kan ṣáájú ti London nígbà òtútù wọn, àmọ́ aago méjèèjì máa ń dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, tiwa sì ń fi wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà ṣáájú ti New York. Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú fáìlì tiyín ná kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ fọ́ọ̀mù, torí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já lójijì, gbogbo ẹ̀ lè pòórá.

## Kẹ́ ẹ tó tẹ ibi tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́

- Ṣé ẹni tí ò mọ̀ yín rí lè sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe lẹ́yìn tó bá ka ojú ewé kìíní?
- Ṣé iye ọ̀rọ̀ ò ju ohun tí wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ lọ?
- Ṣé àpapọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì bá ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù mu?
- Ṣé àwọn tó máa kọ lẹ́tà fún yín ti mọ̀ pé wọ́n máa gba ímeèlì?

## Ẹ ṣọ́ra fáwọn gbájúẹ̀

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kí owó yín tó jáde, olè ni. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní nọ́ńbà OTP tí báńkì fi ránṣẹ́, olè ni. Owó tẹ́ ẹ "jẹ" láìjẹ́ pé ẹ béèrè, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, ẹ pa á rẹ́. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé àwọn ibùgbé òǹkọ̀wé gidi kan wà tí wọ́n máa ń gba owó kékeré nígbà tẹ́ ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́, MacDowell ní Amẹ́ríkà wà lára wọn, èyí ò sọ wọ́n di gbájúẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé wọ́n kọ ọ́ sójútáyé lórí wẹ́bsáìtì wọn, kò sì sẹ́ni tó ń ṣèlérí pé ẹ ti wọlé.

## Tówó ò bá tíì dé

Èsì lè pẹ́ tó oṣù mẹ́rin, mẹ́fà. Ẹ má fi gbogbo kláyẹ́ǹtì sílẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń sanwó dáadáa tí kì í yọni lẹ́nu, ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún iṣẹ́ tuntun. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́rin márùn-ún lè dájọ láàárín ara wọn, kẹ́ni tó bá kó o lóṣù yẹn fi ra àsìkò kọ̀wé, mo gba tèyí gan-an torí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dájọ náà lá máa bi yín pé iṣẹ́ dà. Ẹ sì wọ ANA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé Nàìjíríà, ẹ̀ka ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ibẹ̀ lẹ ti máa ń gbọ́ nípa ànfààní kó tó dé etí gbogbo èèyàn, ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí àgbà tó lè kọ lẹ́tà fún yín.

## Nígbà tí èsì bá dé

Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ fi ímeèlì kúkúrú dúpẹ́, kẹ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè sọ ibi tó kù sí. Àwọn míì kì í dáhùn, àwọn míì á sọ ọ́. Ẹ má pa fáìlì yẹn rẹ́, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀ lẹ máa tún lò fún ilẹ̀kùn tó kàn.

Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ka àdéhùn tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa ni iṣẹ́ náà àti bóyá wọ́n máa gba nǹkan nínú èrè ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì látọjọ́ kìíní, títí kan ti epo, ẹ fi fóònù ya á torí íńkì orí ẹ̀ máa ń parẹ́. Tí iṣẹ́ bá yí padà lójú ọ̀nà, bóyá àwọn agbẹ̀bí tẹ́ ẹ fọkàn sí ò fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ má dúró dìgbà ìjábọ̀, wọ́n máa ń gbà kẹ́ ẹ yí ètò padà tẹ́ ẹ bá tètè sọ.